Ẹ̀yìn káàdì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: bí a ṣe ń yẹ pósíkáàdì alígétọ̀ àtijọ́ wò

Pósíkáàdì alígétọ̀, ẹranko inú omi tó jọ ọ̀nì, kò wọ́n lọ́jà àwọn ohun àtijọ́. Láti òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn tó ń sá fún òtútù àríwá Amẹ́ríkà ti ń wọ́ lọ sí Florida, tí wọ́n sì ń fi káàdì ránṣẹ́ sílé láti ibẹ̀: alígétọ̀ tó la ẹnu sílẹ̀, ọmọdé tó jókòó lé e lẹ́yìn, ọkùnrin Seminole (ìran ọmọ onílẹ̀ Florida) tó wọ̀yá ìjà pẹ̀lú rẹ̀, ọmọ rẹ̀ tó ń yọ orí nínú ẹyin. Ojú ẹni tó bá rí irú káàdì bẹ́ẹ̀ a máa lọ tààrà sára ẹranko náà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹranko yẹn ni ẹlẹ́rìí tí kò ṣeé gbára lé jù lórí káàdì. Ẹ yí i dà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ ná.

Ọjọ́ mẹ́ta ló máa ń wà lára káàdì kan ṣoṣo: ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò, ọjọ́ tí wọ́n tẹ káàdì, àti ọjọ́ tí ẹnìkan fi í ránṣẹ́. Òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ kò mọ̀ ju ìkẹta lọ. Fọ́tò ọdún 1900 lè wà lára káàdì tí wọ́n tẹ̀ ní 1908, kí arìnrìn-àjò kan sì wá rà á ní 1915 ní ṣọ́ọ̀bù tí ọjà kì í tètè tán. Ẹni tó bá kọ "1915" sí abẹ́ fọ́tò náà ti fi ọdún 15 ṣìnà, àṣìṣe yìí ló sì wọ́pọ̀ jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun èlò kò pọ̀. Gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10, rúlà tó ní mìlímítà, iná UV kékeré irú èyí tí wọ́n fi ń yẹ owó ayédèrú wò, àti skánà tó lè dé 1,200 dpi (ìyẹn iye tótó inú íǹṣì kan). Ẹ mú pẹ́ńsù dání, àmọ́ ara àpò tí káàdì máa wà nínú rẹ̀ lẹ máa kọ nǹkan sí, kì í ṣe ara káàdì.

Ohun tí ẹ̀yìn káàdì ń sọ

Òfin ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà ló pinnu ohun tí wọ́n lè tẹ̀ sẹ́yìn káàdì, a sì mọ ọjọ́ tí òfin náà ń yí padà. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn fi ṣeé gbà gbọ́ ju àkọlé ojú lọ.

Bí ẹ bá rí "Private Mailing Card", òfin ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún 1898 ló bí i. Òfin náà gba àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni láàyè láti tẹ káàdì tí ènìyàn lè fi sẹ́ǹtì kan ránṣẹ́. Ní ìparí oṣù Kejìlá 1901 ni ìjọba gbà kí wọ́n máa kọ "Post Card" dípò rẹ̀. Láti ìgbà náà títí di ìparí oṣù Kejì 1907, àdírẹ́sì nìkan ló gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn, kò sí ìlà tó pín in sí méjì. Ojú káàdì, yí àwòrán ká, ni àwọn ènìyàn ń há ọ̀rọ̀ wọn sí. Bí ẹ bá rí yíǹkì tó gba orí ìrù alígétọ̀ kọjá, ẹ má pè é ní káàdì tó bàjẹ́. Òfin ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Ìlà tó pín ẹ̀yìn sí méjì wọlé ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta 1907. Àdírẹ́sì bọ́ sọ́tùn-ún, ọ̀rọ̀ bọ́ sósì, àwòrán sì gba gbogbo ojú káàdì. Ìgbà yìí ni pósíkáàdì gbòde jù lọ. Jámánì ni wọ́n ti ń tẹ ọ̀pọ̀ àwọn tó dára jù, nítorí náà "Printed in Germany" lẹ́yìn káàdì alígétọ̀ sábà máa ń túmọ̀ sí pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ kí ogun ọdún 1914 tó dá òwò náà dúró.

Láti nǹkan bí 1915 títí di 1930, etí funfun máa ń yí àwòrán ká. Lẹ́yìn ìyẹn ni èyí tí ojú rẹ̀ rí hẹ́rẹhẹ̀rẹ bí aṣọ ọ̀gbọ̀ dé, tí àwọ̀ rẹ̀ ń pariwo: ojú ọ̀run búlúù gbòò, alígétọ̀ tútù yọ̀yọ̀. Àwọn wọ̀nyí wà lọ́jà láti nǹkan bí 1930 títí kọjá Ogun Àgbáyé Kejì. Èyí tó ń dán, tó sì jẹ́ fọ́tò aláwọ̀ lóòótọ́, bẹ̀rẹ̀ ní 1939, ó sì gba ọjà pátápátá lẹ́yìn ogun. Bí kóòdù ZIP onínọ́ńbà márùn-ún bá wà nínú àdírẹ́sì ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́, káàdì náà kò lè ṣáájú 1963.

Bí òǹtẹ̀ bá ti parẹ́, owó sítáǹpù lè gbà yín. Sẹ́ǹtì kan ni fífi káàdì ránṣẹ́ láti 1898 títí di ìparí 1951, àfi ìgbà méjì: láti oṣù Kọkànlá 1917 dé ìparí oṣù Kẹfà 1919, àti láti oṣù Kẹrin 1925 dé ìparí oṣù Kẹfà 1928, tó fi jẹ́ sẹ́ǹtì méjì. Nítorí náà, sítáǹpù sẹ́ǹtì méjì lórí káàdì elétí funfun ti dín ọdún 15 kù sí nǹkan bí ọdún márùn-ún. Ní 1952 ó di sẹ́ǹtì méjì fún gbogbo ènìyàn, ní 1958 ó di mẹ́ta, ní 1963 ó di mẹ́rin.

Fọ́tò gidi ni, àbí wọ́n tẹ̀ ẹ́?

Ẹ gbé gíláàsì lé ibi tó dúdú díẹ̀ lára alígétọ̀ náà. Bí ẹ bá rí tótòtó tó tò lẹ́sẹẹsẹ, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá jẹ́ èérún tí kò ní ètò, títẹ̀ náà ni, ọ̀nà míì ni wọ́n gbà. Bí dúdú bá ń ṣí lọ sí funfun wẹ́rẹ́ láìsí tótòtó kankan, fọ́tò gidi ni, tí wọ́n fọ̀ sórí bébà tó ti ní ẹ̀yìn pósíkáàdì tẹ́lẹ̀. Irú èyí ni ẹ gbọ́dọ̀ tọ́jú jù. Láti 1903 ni Kodak ti ń ta kámẹ́rà No. 3A tí fíìmù rẹ̀ tó íǹṣì 3¼ lọ́nà 5½, tí ẹnikẹ́ni sì lè fi ya fọ́tò ara rẹ̀ kí ó sọ ọ́ di pósíkáàdì. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀dà kan ṣoṣo ló wà láyé.

Inú àpótí kékeré tí wọ́n ń lẹ sítáǹpù sí ni orúkọ bébà fọ́tò wà. AZO tí onígun mẹ́ta mẹ́rin kọjú sókè ní igun rẹ̀ jẹ́ ti 1904 sí 1918. AZO tí méjì kọjú sókè, tí méjì kọjú sísàlẹ̀, jẹ́ ti 1918 sí 1930. AZO onígun mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1920, ó sì wà títí wọ àwọn ọdún 1940. EKC dé ní nǹkan bí 1940. Ọdún tí bébà jáde ni gbogbo ìwọ̀nyí ń sọ o. Ayàwòrán ìlú kékeré lè ní páálí bébà nílé fún ọdún mélòó kan, ó sì lè fọ fíìmù àtijọ́ sórí bébà tuntun. Ẹ máa kọ "kò ṣáájú 1918", ẹ má kọ "1918".

Ìkọ̀wé funfun tó wà nísàlẹ̀ irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, yíǹkì dúdú ni wọ́n fi kọ ọ́ sára fíìmù. Bí ìdajì lẹ́tà rẹ̀ bá ti sọnù létí, wọ́n ti gé káàdì náà. Ẹ wọ̀n ọ́n: íǹṣì 3½ lọ́nà 5½ ló yẹ kí ó jẹ́, ìyẹn nǹkan bí mìlímítà 89 lọ́nà 140. Èyí tó bá kéré jù bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan ti bọ́ sábẹ́ sísọ́ọ̀sì ẹnìkan tó fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé àlùbọ́ọ̀mù.

Nípa ayédèrú: ẹ pa iná yàrá, kí ẹ tan iná UV sí i. Bébà tó bá tàn búlúù-funfun gbòò ní kẹ́míkà ìmúfunfun nínú, èyí tí wọn kò fi sí bébà títí di nǹkan bí 1950. "Fọ́tò 1910" tó bá tàn bẹ́ẹ̀, àtúntẹ̀ ni. Bí ó bá tún ní tótòtó lábẹ́ gíláàsì, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Àwọn ilé iṣẹ́ tí ẹ máa bá pàdé

Detroit Photographic Company, tó di Detroit Publishing Company ní nǹkan bí 1905, ló ṣe díẹ̀ lára àwọn tó dára jù. William Henry Jackson, ayàwòrán ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà tó lókìkí, dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1897, ó sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún fíìmù onígíláàsì tirẹ̀ wá. Nítorí náà, fọ́tò lè fi ọdún púpọ̀ dàgbà ju káàdì lọ. Ohun tó lé ní 25,000 nínú fíìmù onígíláàsì ilé iṣẹ́ náà wà ní Library of Congress, ẹ sì lè rí wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wá fọ́tò dúdú-funfun tí káàdì yín ti wá, kí ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ibẹ̀ lẹ máa ti rí ohun tí wọ́n fi kún un àti ohun tí wọ́n yọ.

Àwọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi kún un. Fọ́tò dúdú-funfun ni gbogbo wọn ní ìbẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé tó lè má tíì rí alígétọ̀ rí ló yan àwọ̀ lé e lórí. Alígétọ̀ tó ti dàgbà dúdú, tàbí kí ó rí bí eérú tó ṣókùnkùn. Tútù bí ewé inú káàdì kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun.

S. Langsdorf ti New York ṣe ọ̀wọ́ kan tí àwọn olùkójọ ń lé kiri: alígétọ̀ tó wú jáde lára bébà ló yí àwòrán ká bí férémù, inú férémù náà sì jẹ́ ìlú àti ìgbésí ayé gúúsù Amẹ́ríkà, Florida pàápàá. Káàdì 165 ni ọ̀wọ́ náà, nọ́ńbà wọn bẹ̀rẹ̀ láti S500, ó parí sí S664. Nọ́ńbà tó bá jáde kúrò láàárín méjèèjì kò sí nínú ọ̀wọ́ yẹn. Ibi tó wú yẹn ló máa ń tètè bàjẹ́: ẹ yẹ orí àwọn alígétọ̀ igun wò bóyá wọ́n ti pẹlẹbẹ, nítorí ibẹ̀ ni iye owó ti ń já.

Curt Teich ti Chicago ló rọrùn jù láti dá ọdún rẹ̀ mọ̀. Lórí káàdì olójú aṣọ ọ̀gbọ̀ rẹ̀, ẹ wá kóòdù bí 5A-H tí nọ́ńbà tẹ̀ lé. A ni àwọn ọdún 1930, B ni 1940, C ni 1950; nọ́ńbà iwájú ni ọdún inú ẹ̀wádún náà. 5A jẹ́ 1935, 3B jẹ́ 1943. Àkójọ ilé iṣẹ́ náà wà ní Newberry Library ní Chicago. Ti Tichnor Brothers, ilé iṣẹ́ pósíkáàdì mìíràn, wà ní Boston Public Library. Fún fọ́tò Florida fúnra rẹ̀, ojúlé Florida Memory ti ibi ìpamọ́ àkọsílẹ̀ ìpínlẹ̀ náà ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Ibo ni wọ́n ti yà á?

"Alligator Farm", ìyẹn ọgbà ọ̀sìn alígétọ̀, kò fi dandan jẹ́ Florida. Èyí tó wà ní St. Augustine, lórí erékùṣù Anastasia, bẹ̀rẹ̀ ní 1893, ó sì kó lọ sí ibi tó wà báyìí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920, nítorí náà káàdì tó bá dárúkọ South Beach, ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ṣáájú ìyẹn. Hot Springs ní Arkansas ní tirẹ̀ láti 1902. Los Angeles, ìlú tí alígétọ̀ kì í gbé nínú igbó rẹ̀ rárá, ní California Alligator Farm láti 1907; Lincoln Heights ló wà kí ó tó kó lọ sí Buena Park ní 1953, wọ́n sì tì í pa ní 1984. Eré ló kún inú káàdì Los Angeles: alígétọ̀ tó ń fa kẹ̀kẹ́ ọmọdé, alígétọ̀ tó ń yọ̀ lórí pákó bọ́ sínú omi, obìnrin aláṣọ funfun tó jókòó sáàárín wọn bí ẹni wà ní pálọ̀.

Bí òkè bá wà lẹ́yìn àwòrán, ẹ fura. Ibi tó ga jù ní Florida kò ju ẹsẹ̀ bàtà 345 lọ. Ẹyẹ ògòǹgò nínú àwòrán kan náà kò yanjú ọ̀rọ̀, nítorí pé Jacksonville àti Los Angeles ló ní ọ̀sìn ògòǹgò. "Alligator Joe" náà kò yanjú ẹ: Warren Frazee ti Palm Beach jẹ́ orúkọ yẹn, Campbell tó bá wọn dá ti California sílẹ̀ náà jẹ́ ẹ. Ẹnu ọ̀nà tó dà bí alígétọ̀ tó lanu gbàgà jẹ́ ti Gatorland, láàárín Orlando àti Kissimmee, tí Owen Godwin ṣí ní 1949. Àwọn ọdún 1960 ni ẹnu ọ̀nà náà dé.

Káàdì ìjàkadì àwọn Seminole sábà máa ń wá láti Musa Isle tàbí Coppinger's, abúlé ìfihàn méjì ní etí odò Miami. Aṣọ ni kí ẹ wò. Bí ègé aláwọ̀ oríṣiríṣi tí wọ́n rán pọ̀ ní ìlà-ìlà bá hàn gbangba lára aṣọ, fọ́tò náà kò ṣáájú àwọn ọdún 1910. "Seminole Indian" nìkan ni wọ́n máa ń kọ sábẹ́ ọkùnrin tó fi ara rẹ̀ wewu níbẹ̀. Ẹ wá orúkọ rẹ̀ kí ẹ tó gbà pé kò ní orúkọ.

Ẹ wá wo ẹranko náà

Bí ẹnu bá padé tí eyín kẹrin àgbọ̀n ìsàlẹ̀ sì yọ síta, ọ̀nì ni, kì í ṣe alígétọ̀. Ti alígétọ̀ máa ń wọnú ihò lókè. Imú alígétọ̀ tún fẹ̀, ó sì rí roboto níwájú.

Ẹnu tó là kì í ṣe ìbínú. Alígétọ̀ a máa la ẹnu láti tu ara rẹ̀. Ẹnu tó padé nígbà tí ọmọdé jókòó lé e lẹ́yìn ni kí ẹ yẹ̀ wò dáadáa. Iṣan tí alígétọ̀ fi ń pa ẹnu dé lágbára gan-an, èyí tó fi ń ṣí i kò lágbára rárá, nítorí náà okùn tín-ín-rín ti tó láti dì í. Ẹ sún mọ́ imú rẹ̀ nínú skáànì 1,200 dpi. Bí okùn kò bá sí, ẹ wá ibi tí ìpẹ́ rẹ̀ ti dán lójijì láàárín àwọn tó kù: ibẹ̀ ni wọ́n ti fi búrọ́ọ̀ṣì pa okùn rẹ́.

Òkú tí wọ́n kì wà níbẹ̀ náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í tẹ ilẹ̀ dáadáa, òjìji kì í sí lábẹ́ ikùn, ẹ sì lè rí alígétọ̀ kan náà, tó yí orí sọ́nà kan náà, lórí káàdì méjì tí ènìyàn inú wọn yàtọ̀. Fún èyí tí wọ́n gé lẹ̀ mọ́ àwòrán, ẹ tẹ̀ lé òjìji: bí ti ènìyàn bá ṣubú sósì, tí ti ẹranko ṣubú sọ́tùn-ún, oòrùn méjì kò sí ní Florida.

Nípa gígùn, èyí tó gùn jù nínú àkọsílẹ̀ ìpínlẹ̀ Florida jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 14 àti íǹṣì 3½. Àkọlé tó bá sọ ẹsẹ̀ bàtà 18, ìpolówó ọjà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó bá sọ pé ẹranko náà ti lo ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún láyé: Muja, tó dé ọgbà ẹranko Belgrade ní 1937, wà lára àwọn tó dàgbà jù tí a mọ̀, kò sì tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún tó dé ibẹ̀. Káàdì ẹyin tó ń pa ní tirẹ̀ ní ìṣòro ìgbà. Oṣù Kẹjọ sí Kẹsàn-án ni ẹyin alígétọ̀ ń pa, nígbà tí àwọn arìnrìn-àjò òtútù kò sí níbẹ̀. Òǹtẹ̀ oṣù Kejì lẹ́yìn irú káàdì bẹ́ẹ̀ kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ọjọ́ fọ́tò.

Káàdì tó fi ọmọ dúdú ṣe ìdẹ

Ẹ ò ní pẹ́ bá wọn pàdé, nítorí wọ́n pọ̀. Ní 1897, ilé fọ́tò McCrary & Branson ní Knoxville, Tennessee, to ọmọ ọwọ́ dúdú mẹ́sàn-án síwájú kámẹ́rà ní ìhòòhò, wọ́n sì pè é ní "Alligator Bait", ìyẹn "ìdẹ alígétọ̀". Kò sí alígétọ̀ kankan nínú fọ́tò náà. Knoxville fúnra rẹ̀ wà láàárín àwọn òkè, ó jìnnà sí irà tí ẹranko yẹn ń gbé. Inú àkọlé nìkan ni alígétọ̀ wà. Láti ìgbà náà, wọ́n ya oríṣiríṣi káàdì tí alígétọ̀ ti ń lé ọmọ dúdú, àwọn aláwọ̀ funfun sì ń rà wọ́n, wọ́n ń kọ "inú wa dùn níbí" sẹ́yìn wọn.

Ohun tí irú káàdì yìí jẹ́rìí sí ni ẹni tó tẹ̀ ẹ́, ẹni tó rà á, àti ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Káàdì kò lè fi hàn pé wọ́n fi ọmọ kankan ṣe ìdẹ lóòótọ́, nítorí náà ẹ má lò ó fún ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ yín, ẹ kọ àkọlé rẹ̀ bó ṣe wà, láàárín àmì àyọlò, kí àwọn olùṣèwádìí lè rí i. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ ohun tó wà nínú àwòrán ní ọ̀rọ̀ tiyín: "ọmọ ọwọ́ dúdú mẹ́sàn-án, yàrá fọ́tò, Knoxville". Ẹ má gbé e sórí Facebook láìsí àlàyé. Jim Crow Museum ní Ferris State University, Michigan, ń kó irú nǹkan báyìí jọ fún ìkọ́ni, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣàlàyé rẹ̀ sì dára láti wò. Ọ̀rọ̀ náà kò sì jìnnà: ní 2020 ni University of Florida tó fòpin sí ariwo "Gator Bait" níbi eré ìdárayá wọn.

Àtúntẹ̀ pọ̀ jù nínú ẹ̀yà yìí. Ẹ má san owó kankan kí ẹ tó lo iná UV.

Skáànì, àkọsílẹ̀ àti ìpamọ́

Ojú àti ẹ̀yìn ni kí ẹ skáànì, 600 dpi, ní irú fáìlì TIFF. Ìyẹn á fún yín ní píksẹ́lì 3,300 lọ́nà 2,100. Ẹ fi etí sílẹ̀ yí i ká kí igun káàdì lè hàn, kí ẹ sì pa bọ́tìnnì tó ń yọ tótòtó kúrò: tótòtó yẹn wà lára ẹ̀rí yín. Ọwọ́ tó mọ́, tó sì gbẹ, ti tó fún káàdì títẹ̀. Fún fọ́tò gidi, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ náírílì.

Àkọsílẹ̀ tó wúlò a máa pín ọjọ́ sí mẹ́ta. Ká ní káàdì olójú aṣọ ọ̀gbọ̀ kan wà lọ́wọ́ yín, ẹ ó kọ ọ́ báyìí: "Fọ́tò: kò ju 1935 lọ. Títẹ̀: Curt Teich, kóòdù 5A, 1935. Fífiránṣẹ́: òǹtẹ̀ St. Augustine, oṣù Kejì 1938. Ibi: St. Augustine, gẹ́gẹ́ bí àkọlé. Ẹranko: alígétọ̀, ẹnu dídì, okùn hàn."

Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà tó ti ju ọdún 95 lọ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀tọ́ oní-ǹkan. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde níbẹ̀ kí 1978 tó dé láìsí àmì ẹ̀tọ́ kankan lára rẹ̀. Fọ́tò ẹbí tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ jáde rí ní òfin tirẹ̀, ẹ má kó o pọ̀ mọ́ wọn.

Àpò políẹ́sítà tàbí pólípírópílìn ni kí ẹ fi wọ́n sí. PVC a máa tú kẹ́míkà jáde, á sì lẹ̀ mọ́ fọ́tò. Nílé tí ọ̀rinrin pọ̀, bíi ti Èkó nígbà òjò, ẹ kó wọn sínú ike tó dé pinpin pẹ̀lú àpò sílíkà, kí ẹ máa pààrọ̀ sílíkà náà tí ó bá ti gba omi. Ẹ má fi táàpù kàn án. Bí káàdì bá ti ya, ẹ kó ègé méjèèjì sínú àpò kan náà, kí ẹ sì skáànì wọn pọ̀.